Krak des Chevaliers: ilé olódi kan, orúkọ márùn-ún, ọwọ́ mẹ́ta

Bí ẹ bá ń wá ìtàn ilé olódi yìí kiri, orúkọ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ dà yín láàmú. Ìwé kan á pè é ní Hisn al-Akrad, òmíràn á pè é ní Crat, àwọn Faransé á ní Krak des Chevaliers ni, àwọn ará Síríà tí wọ́n ni ilẹ̀ á sì ní Qal'at al-Hosn. Ẹ ó kà níbì kan pé Mùsùlùmí ló kọ́ ọ, níbòmíràn pé àwọn ajagun Kìrìsìtẹ́nì ni. Ẹ ó kà pé apá ẹnikẹ́ni kò ká a, ẹ ó tún kà pé ọjọ́ 36 ni wọ́n fi gbà á. Kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ pátápátá nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ bí ẹni pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n kọ́ ọ, tí wọ́n sì palẹ̀ mọ́. Ọwọ́ mẹ́ta ló kọ́ ọ láàárín ọdún tó lé ní 250: àwọn Mùsùlùmí tó kọ́kọ́ wà níbẹ̀, àwọn ajagun Kìrìsìtẹ́nì láti Yúróòpù, àti àwọn Mùsùlùmí tó gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó bá ti mọ ọwọ́ tó ṣe apá ibi kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ náà kò ní rú u lójú mọ́.

Kí ni wọ́n ń pè ní castle gan-an?

Castle ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe irú ilé olódi yìí. Kì í ṣe ààfin, kì í sì í ṣe odi ìlú. Ẹni tó ń ka Bíbélì Yorùbá mọ ìlú olódi àti ilé ìṣọ́, odi àti yàrà kò sì ṣàjèjì sí wa nílé. Ṣùgbọ́n odi tiwa, gbogbo ìlú ló ń yí ká: ọba wà nínú rẹ̀, àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀, alágbẹ̀dẹ àti aláró náà wà nínú rẹ̀. Castle ní tirẹ̀, ìjòyè tó ni ilẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nìkan ni odi rẹ̀ ń yí ká. Àgbẹ̀ tó ń bọ́ wọn ń gbé níta, nísàlẹ̀ òkè. Ọjọ́ tí ogun bá dé ló tó ń sá wọlé. Ẹ fi èyí sọ́kàn, a ó padà bá a ní 1271.

Ó tún yàtọ̀ sí èyí tó wà ní Elmina, létíkun Gánà, tí ọ̀pọ̀ nínú wa ti gbọ́ orúkọ rẹ̀. Àwọn Potogí kọ́ ìyẹn ní 1482 láti fi ṣòwò wúrà, kó tó wá di ibi tí wọ́n ń kó ẹrú sí. Ilé òwò tó gbé ìbọn ńlá sórí ni. Ní ti Krak, ọfà, òkò àti iná ni àwọn tó kọ́ ọ rò nígbà tí wọ́n ń tò ó, nítorí ìbọn ńlá kò tíì sí lójú ogun wọn. Bí ẹ bá ń wo ògiri rẹ̀, tí ẹ ń béèrè ibi tí wọn ń gbé ìbọn sí, ẹ kò ní rí i.

Òkè tó jókòó lé

Òkè gígùn kan ń bá etíkun Síríà rìn láti àríwá wá sí gúúsù, òmíràn sì bẹ̀rẹ̀ ní Lẹ́bánónì. Láàárín méjèèjì ni àlàfo kan wà tí wọ́n ń pè ní àlàfo Homs. Ẹni tó bá ń ti etíkun lọ sí Homs àti àárín gbùngbùn Síríà, ibẹ̀ ló rọrùn fún un jù láti gbà kọjá, ì báà jẹ́ ẹrù ló rù, ì báà jẹ́ ọmọ ogun ló kó sẹ́yìn. Krak wà lórí òkè tó kọjú sí àlàfo yìí, ní nǹkan bí 40 kìlómítà sí ìwọ̀ oòrùn Homs, kò sì jìnnà sí ẹnubodè Lẹ́bánónì. Wọ́n máa ń kọ ọ́ pé ó ga tó 650 mítà. Láti ojú òkun ni wọ́n ti ka ìyẹn o. Kì í ṣe pé ẹni tó dúró nísàlẹ̀ òkè yóò gun 650 mítà kó tó débẹ̀.

Pẹ̀tẹ́lẹ̀ Buqaia tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ ọlọ́ràá. Ẹni tó bá di òkè yìí mú, ó ń rí ẹni tó ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń gba owó ibodè, ó sì ń jẹ irè oko pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà. Lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ẹni tó wà lókè rẹ̀ ń rí ilé ìṣọ́ Safita tó jẹ́ ti ẹgbẹ́ ajagun Kìrìsìtẹ́nì kan, àwọn Templar.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù nípa òkè náà ni ìrísí rẹ̀. Apá mẹ́ta rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́ wálẹ̀. Ẹni tó bá gùn ún pẹ̀lú ìhámọ́ra lára, ó ti rẹ̀ ẹ́ kó tó débi tí wọ́n ti ń ta ọfà sí i. Gúúsù nìkan ló ti so mọ́ òkè tó kù, tí ilẹ̀ ibẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ́jú. Ibẹ̀ ni ọ̀tá lè gbé ẹ̀rọ ogun kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni yóò gbà wá. Ìdí nìyẹn tí gbogbo ohun tó nípọn, tó ga, tó wúwo nínú ilé náà fi kóra jọ sí gúúsù. Ẹni tó bá rí àwòrán Krak tí kò mọ ibi tó kọjú sí, kó wá ibi tí ògiri ti pọ̀ jù. Gúúsù nìyẹn.

Orúkọ márùn-ún

Èyí tó pẹ́ jù nínú wọn ni Hisn al-Safh, ìyẹn ilé olódi ẹ̀gbẹ́ òkè. Ní 1031, Shibl al-Dawla Nasr tó ń ṣàkóso Aleppo àti Homs kó àwọn Kurd, ẹ̀yà kan ní apá ibẹ̀, wá tẹ̀dó síbẹ̀ kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ̀nà, orúkọ bá di Hisn al-Akrad, ilé olódi àwọn Kurd. Nígbà tí àwọn ará Yúróòpù dé, Akrad kò rọrùn lẹ́nu wọn, wọ́n ń pè é ní Crat. Crat yìí wá dà pọ̀ mọ́ karka, ọ̀rọ̀ èdè Síríákì tó túmọ̀ sí ilé olódi, ó sì di Krak. "Des Chevaliers", ìyẹn ti àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹlẹ́ṣin, kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó gbé ibẹ̀ láyé ọjọ́un. Àwọn onímọ̀ ọ̀rúndún kọkàndínlógún ló so ó mọ́ ọn. Qal'at al-Hosn ni èdè Lárúbáwá òde òní, bí ẹ bá sì túmọ̀ rẹ̀ ní ṣáńgílítí, ilé olódi ti ilé olódi ló ń jẹ́.

Pàkúté méjì wà nídìí orúkọ wọ̀nyí. Èkíní ni Kerak, ilé olódi mìíràn tó wà ní Jọ́dánì, lápá ìlà oòrùn Òkun Iyọ̀. 1142 ni Pagan, agbọ́tí ọba Jerúsálẹ́mù, bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ ìyẹn, 1142 kan náà ni wọ́n sì fi Krak tọrẹ fún àwọn tó sọ ọ́ di ńlá, nítorí náà ọdún àti orúkọ ń pàdé nínú ìwé, òǹkàwé a sì pa méjèèjì pọ̀. Saladin, sultan Íjíbítì àti Síríà, gba Kerak. Kò gba Krak. Èkejì ni Tripoli. Ibikíbi tí ẹ bá ti rí Tripoli nínú ìtàn yìí, èyí tó wà ní Lẹ́bánónì ni, kì í ṣe ti Líbíà.

Bí ó ṣe dọ́wọ́ àwọn ará Yúróòpù

Ọ̀rọ̀ crusade ń ṣini lọ́nà nílẹ̀ wa, nítorí bí a bá ti gbọ́ ọ báyìí, pápá ìṣeré, ẹ̀rọ gbohùngbohùn àti akọrin ló ń wá sọ́kàn ẹni. Ti ìgbà yẹn, ogun ni. Póòpù Urban Kejì ló kéde rẹ̀ ní 1095, pé kí wọ́n lọ gba Jerúsálẹ́mù, àwọn tó lọ sì rán àgbélébùú mọ́ aṣọ wọn. A ó máa pè é ní Ogun Àgbélébùú.

Ní ìparí oṣù Kìn-ín-ní 1099, Raymond ti Saint-Gilles àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ń kọjá lọ sí Jerúsálẹ́mù, ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì gbọ́ pé oúnjẹ àti ẹran ọ̀sìn pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó sá sínú Hisn al-Akrad. Wọ́n gbéjà kò ó. Àwọn tó wà nínú rẹ̀ ṣílẹ̀kùn, wọ́n da ẹran síta. Lójú ẹsẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun fọ́n ká, oníkálukú ń lé màlúù, wọ́n gbàgbé ogun. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará inú odi ṣe jáde sí wọn, díẹ̀ ló kù kí ọwọ́ wọn tẹ Raymond fúnra rẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, tí inú ń bí Raymond, tó padà wá, kò bá ẹnì kankan nínú ilé. Wọ́n ti fi òru sá lọ. Àwọn ajagun náà jẹun yó, wọ́n ṣe ọdún ìsìn kan níbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejì, wọ́n sì bá tiwọn lọ.

Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé 1099 ni wọ́n gbà á kò parọ́, àmọ́ wọn kò dúró. 1110 ni Tancred, tó ń ṣàkóso Áńtíókù, gbà á tó sì fi ọmọ ogun sí i. Láìpẹ́ ó di ti ìjòyè Tripoli. Ní 1142, Raymond Kejì ti Tripoli kó o fún ẹgbẹ́ Hospitaller. Kì í ṣe pé inú rẹ̀ kàn dùn ló ṣe fi tọrẹ: owó àti ọmọ ogun tí yóò fi ṣọ́ ibodè yẹn kò sí lọ́wọ́ rẹ̀, ẹgbẹ́ náà sì ní méjèèjì.

Àwọn Hospitaller yìí, ilé ìwòsàn àti ibùwọ̀ àwọn arìnrìn-àjò ìsìn ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ní Jerúsálẹ́mù, Póòpù sì fọwọ́ sí ẹgbẹ́ wọn ní 1113. Nígbà tó yá ni wọ́n tó gbé idà mọ́ ọn. Ẹ̀jẹ́ bíi ti àwọn ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìjọ Àgùdà ni wọ́n ń jẹ́, wọn kì í fẹ́yàwó, ṣùgbọ́n ẹṣin ni wọ́n ń gùn lọ sójú ogun. Àgbélébùú onígun mẹ́jọ tí ẹ ń rí lára aṣọ àwọn olùtọ́jú pàjáwìrì St John Ambulance, ọ̀dọ̀ wọn ló ti ṣẹ̀ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹgbẹ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó dá St John Ambulance sílẹ̀ ní 1877 kì í ṣe ẹgbẹ́ àtijọ́ yẹn gan-an.

Ilẹ̀ ríri ló sọ ilé náà di bó ṣe wà. Ilẹ̀ ríri 1170 ba èyí tí àwọn Hospitaller kọ́kọ́ kọ́ jẹ́, wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ nǹkan kọ́, títí kan ilé ìsìn inú rẹ̀. Òmíràn tún dé ní 1202. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n fi odi kejì yí ti àkọ́kọ́ ká, tí wọ́n sì tún ti inú náà ṣe lọ́nà tó le sí i. Òkúta ẹfun tí wọ́n gbẹ́ dán ni wọ́n lò, ó sì ṣe rẹ́gí débi pé agbára káká lẹ fi ń rí ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀. Ní 1218, Andrew Kejì, ọba Họ́ńgárì, yà síbẹ̀, ó pè é ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀ àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ó sì fi owó ọdọọdún ta wọ́n lọ́rẹ.

Ọ̀nà tí àlejò ń gbà wọlé

Odi méjì tó ń yí ara wọn ká ni àṣírí ilé yìí. Ti inú ga ju ti òde lọ, nítorí náà, tafàtafà tó wà lókè odi inú lè ta ọfà kọjá lórí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wà lórí odi òde láìṣe é léṣe. Lọ́jọ́ ìjà, ìlà méjì ni ọfà ń gbà jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ọ̀tá bá sì gba odi òde, kò tíì gba nǹkan kan: àlàfo tóóró ló bá ara rẹ̀, ògiri níwájú, ògiri lẹ́yìn, ọfà lókè orí.

Ẹnu ọ̀nà ńlá wà ní ìlà oòrùn. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ kò ní rí agbo ilé níwájú rẹ̀ bí àwa ṣe ń wọ agbo ilé. Ọ̀nà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ kan ló máa gbà, tó gùn tó 137 mítà, tí wọ́n fi òkúta bò lórí. Inú rẹ̀ ṣókùnkùn. Ojú rẹ̀ ṣì wà nínú oòrùn tó ti wá, kò tíì ríran dáadáa, ni ọ̀nà bá ṣẹ́rí padà sẹ́yìn lójijì, tó jẹ́ pé bí ó bá ń sáré bọ̀, ògiri ni yóò fi orí sọ. Láti inú òrùlé, ihò wà tí wọ́n ń gbà da òkò lé e lórí. Irin tí wọ́n ń já sílẹ̀ láti òkè wà láti fi sé e mọ́. Òkúta tí wọ́n fi tẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ kò ga bí àtẹ̀gùn, nítorí ẹṣin àwọn onílé náà ní láti gùn ún. Ẹni tó bá wọlé gẹ́gẹ́ bí àlejò lónìí ń gba ọ̀nà yìí kan náà.

Lára ògiri òde, ẹ ó rí àwọn àpótí òkúta kéékèèké tó yọ síta lókè. Àwọn kan ń rò pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ni. Ibi tí wọ́n ti ń ju nǹkan lu ẹni tó bá fara ti ìdí ògiri ni, torí ẹni tó wà nídìí ògiri gan-an, ọfà láti orí odi kò lè bá a àfi kí tafàtafà yọ ara síta. Ojú ihò ọfà náà ní ọgbọ́n tirẹ̀: lóde, ó tóóró bí ọwọ́, nínú, ó gbòòrò tó kí tafàtafà lè rọ́nà yí sọ́tùn-ún sósì.

Tí ẹ bá ti kọjá odi òde ní gúúsù àti ìwọ̀ oòrùn, ohun tí ẹ ó rí kì í ṣe ògiri tó dúró gbọnrangandan. Òkè òkúta tí ọwọ́ èèyàn tò ni, ó fì sẹ́yìn bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, àwọn ilé ìṣọ́ rìbìtì sì yọ jáde lórí rẹ̀. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe é. Bí ilẹ̀ bá mì, ìdí tó gbòòrò yìí kò ní jẹ́ kí ògiri yẹ̀. Òkò tí wọ́n bá jù lù ú láti òkè á ta dànù sí ọ̀tá lára. Ìkẹta ni mo rò pé ó lágbára jù: kò rọrùn láti wa ihò sábẹ́ rẹ̀.

Omi ni ìṣòro gbogbo ilé orí òkè. Wọ́n fi ojú omi olókùúta kan fa omi wá láti òkè tó wà ní gúúsù, sínú adágún gbọọrọ kan láàárín odi méjèèjì. Ó ń pèsè omi, ó sì ń ṣe iṣẹ́ yàrà. Ṣùgbọ́n ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀tá máa gé ni ojú omi yẹn. Nítorí náà, wọ́n ní àwọn kòtò tó ń gba omi òjò láti orí òrùlé, wọ́n sì ní kànga kan tó jìn tó 27 mítà nínú gbọ̀ngàn ìkó-nǹkan-sí tó gùn tó 120 mítà. Ààrò búrẹ́dì àti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà nítòsí níbẹ̀. Wọ́n máa ń sọ pé oúnjẹ tó lè tó ọdún márùn-ún wọ inú rẹ̀.

Lójú agbo ilé inú ni gbọ̀ngàn tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ti ń jẹun wà, ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó ní òpó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì Faransé sì wà níwájú rẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ Látìn sí ibẹ̀ tó ń sọ pé: kí ọrọ̀ jẹ́ tìrẹ, kí ọgbọ́n jẹ́ tìrẹ, kí a fún ọ ní ẹwà pẹ̀lú; ìgbéraga nìkan, bí ó bá bá wọn rìn, á kó èérí bá gbogbo wọn.

Bí wọ́n ṣe ń wó odi láti abẹ́

Ọ̀pọ̀ èèyàn ń rò pé òkò ni wọ́n fi ń wó odi. Òkò ń fọ́ orí odi, ó ń lé tafàtafà kúrò níbẹ̀, ó sì ń fọ́ òrùlé. Ohun tó ń wó odi gan-an ni àwọn tó ń walẹ̀. Wọ́n á kọ́kọ́ ta àtíbàbà onígi, wọ́n á fi awọ màlúù tútù bò ó kí iná má bàa ràn án, wọ́n á sì tì í lọ sídìí ògiri. Wọ́n á walẹ̀ wọ abẹ́ ìpìlẹ̀, bí wọ́n ti ń yọ òkúta ni wọ́n á máa fi igi gbé ògiri ró kó má bàa wó lé àwọn fúnra wọn lórí. Tí ihò náà bá ti tóbi tó, wọ́n á kó igi wẹ́wẹ́ àti ọ̀rá kún inú rẹ̀, wọ́n á dáná sí i, wọ́n á sá jáde. Igi á jó, òkè rẹ̀ á rọ̀ wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní Rochester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 1215, ọba John ránṣẹ́ pé kí wọ́n kó 40 ẹlẹ́dẹ̀ wá, àwọn tó sanra jù tí kò dùn ún jẹ, kí òun fi ọ̀rá wọn dáná. Igun ilé ìṣọ́ náà wó.

Iṣẹ́ yìí máa ń bà jẹ́ o. Bí ilé bá jókòó lórí àpáta, ọwọ́ á pẹ́ kó tó wọlẹ̀. Bí omi bá wà nínú yàrà, á ya wọ inú ihò. Bí ihò kò bá ní ibi tí atẹ́gùn ń gbà, iná á kú. Àwọn tó wà nínú odi sì lè gbé abọ́ omi kalẹ̀, bí omi náà bá ń gbọ̀n, wọ́n mọ̀ pé ẹnì kan wà nísàlẹ̀, àwọn náà á wa ihò tiwọn lọ pàdé e.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ilé ìṣọ́ rìbìtì àti onígun mẹ́rin ti wọlé. Bí wọ́n bá yọ ìdí igun kan, ògiri méjì tó pàdé níbẹ̀ ló ń yẹ̀ papọ̀. Ohun tó rí rìbìtì kò ní igun, ẹrù rẹ̀ pín káàkiri, kò sì ní ibi tí ọ̀tá lè fara pamọ́ sí tí ọfà kò ní rí i. Nítorí náà ni àwọn Hospitaller ṣe ń kọ́ rìbìtì lẹ́yìn 1202.

Ọjọ́ 36

Saladin wá ní 1188, lẹ́yìn tó ti gba Jerúsálẹ́mù lọ́dún tó ṣáájú. Ó wo Krak, ó pàgọ́ síbẹ̀, ó kọjá lọ. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sọ pé kò ṣeé gbà. Àmọ́ nígbà tí Krak wà lókè téńté, nǹkan bí 2,000 èèyàn ló ń ṣọ́ ọ. Ní 1268, Hugh Revel, ọ̀gá àgbà Hospitaller, ń ráhùn pé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó kù ní gbogbo ìlà oòrùn kò ju 300 lọ, àti pé ilẹ̀ tí èèyàn bí 10,000 ń gbé tẹ́lẹ̀ ti dahoro. Ilé tí wọ́n kọ́ fún 2,000 kò ní ẹni tí yóò dúró sí gbogbo ihò ọfà rẹ̀ mọ́. Ní oṣù Kẹjọ 1270, Louis Kẹsàn-án, ọba Faransé, kú ní Tunis, ọ̀rọ̀ pé ọmọ ogun ńlá kan ń bọ̀ láti Yúróòpù sì parí síbẹ̀.

Baibars, sultan Íjíbítì, ni àyè ṣí sílẹ̀ fún. Mamluk ni, ìyẹn ẹni tí wọ́n rà lẹ́rú láti kékeré, tí wọ́n kọ́ ní ogun jíjà títí tó fi jọba. Ó dé ìdí Krak ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta 1271, ó sì gbé ẹ̀rọ tó ń ju òkò kalẹ̀, ìyẹn kànnàkànnà ńlá onígi. Láàárín ọjọ́ méjì, ìsọ̀rí ààbò àkọ́kọ́ ti bọ́, ó jọ pé abúlé olódi tó wà níwájú ẹnu ọ̀nà ni. Òjò wá dá iṣẹ́ dúró. Ní ọjọ́ 21, wọ́n gba odi kékeré onígun mẹ́ta tó wà lóde gúúsù. Ní ọjọ́ 29, àwọn awalẹ̀ wó ilé ìṣọ́ igun gúúsù ìwọ̀ oòrùn, wọ́n gba ibẹ̀ wọlé, wọ́n sì bá àwọn àgbẹ̀ tó sá wá forí pamọ́ sáàárín odi méjèèjì. Àwọn ajagun ti sá wọ odi inú.

Ibẹ̀ ló dúró sí. Níwájú Baibars ni òkè òkúta tó fì sẹ́yìn yẹn wà, kò sì ṣeé wà bíi ti odi òde. Bí ó bá fi òkò fọ́ ọ, òun náà ni yóò tún un kọ́, nítorí ó fẹ́ lo ilé náà. Ó dúró fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ni lẹ́tà kan dé ọwọ́ àwọn tó wà nínú, ó ní ọ̀gá àgbà wọn kọ ọ́ láti Tripoli pé kí wọ́n jọ̀wọ́ ilé náà. Ayédèrú ni lẹ́tà náà. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin, wọ́n jáde, Baibars sì dá ẹ̀mí wọn sí, ó jẹ́ kí wọ́n máa lọ sí Tripoli.

Bóyá àwọn tó wà nínú gba lẹ́tà náà gbọ́ lóòótọ́ tàbí wọ́n kàn ń wá ohun tí wọ́n fi máa jáde láìtẹ́, oníkálukú ló ní èrò tirẹ̀. Èrò tèmi wà lọ́dọ̀ èkejì. Oúnjẹ ọdún márùn-ún kò wúlò fún ẹni tó mọ̀ pé kò sí ọmọ ogun kankan tó ń bọ̀ wá gba òun sílẹ̀.

Ọwọ́ kẹta, àti bí ilé náà ṣe wà títí dòní

Baibars tún odi òde ṣe. Ilé ìṣọ́ rìbìtì tó wà ní igun gúúsù ìwọ̀ oòrùn lónìí, òun ló tún un kọ́ lórí èyí tó wó. Ní 1285, Qalawun tó jọba lẹ́yìn rẹ̀ gbé ilé ìṣọ́ ńlá onígun mẹ́rin kan dúró sí àárín odi gúúsù. Al-Alfi ni wọ́n ń pe Qalawun, ẹni ẹgbẹ̀rún kan, nítorí 1,000 dínárì ni wọ́n fi rà á lẹ́rú. Èyí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ lọ́nà: wọ́n ti kà níbì kan pé onígun mẹ́rin ló pẹ́, rìbìtì ló dé lẹ́yìn, wọ́n á wá tọ́ka sí ilé ìṣọ́ 1285 pé iṣẹ́ àwọn àkọ́kọ́ nìyí. Lẹ́yìn gbogbo wọn ló dé.

Nígbà tí àwọn Mamluk gba Acre, ìlú etíkun tó kù lọ́wọ́ àwọn ajagun Kìrìsìtẹ́nì, ní 1291, ìjọba àwọn ará Yúróòpù parí nílẹ̀ Síríà, ogun sì kúrò ní àyíká Krak kí ìbọn ńlá tó dé. Ìdí tí kò fi di òkìtì àlàpà nìyẹn. Àwọn ará abúlé wọ inú rẹ̀, wọ́n kọ́lé sáàárín ògiri. Ní 1933, nígbà tí Síríà wà lábẹ́ Faransé, wọ́n kó èèyàn 530 jáde, owó gbà-má-bìínú tí wọ́n san jẹ́ mílíọ̀nù kan fráǹkì, wọ́n sì fọ ibẹ̀ mọ́. Ó di ti Síríà ní 1946. UNESCO kọ ọ́ mọ́ ohun àjogúnbá ayé ní 2006, òun àti ilé olódi Salah El-Din, wọ́n sì fi í sínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu ní 2013, nígbà tí ogun abẹ́lé ń jà. Àwọn ọlọ̀tẹ̀ wà nínú rẹ̀, bọ́ǹbù sì bà á lọ́dún yẹn. Oṣù Kẹta 2014 ni àwọn ọmọ ogun ìjọba gbà á padà.

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ rí ọwọ́ kejì àti ọwọ́ kẹta pa pọ̀ lójú kan, ilé ìsìn ni kó lọ. Yàrá gígùn ni, òrùlé òkúta rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, ibi pẹpẹ sì kọjú sí ìlà oòrùn bí ti gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ìgbà náà. Ṣùgbọ́n láti Síríà, gúúsù ni Mẹ́kà wà. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di mọ́ṣáláṣí, wọn kò yí ilé padà. Wọ́n gbẹ́ míhírábù méjì, ìyẹn kọ̀rọ̀ ara ògiri tó ń tọ́ka sí Mẹ́kà, wọ́n sì fi òkúta kọ́ mínbárì, àga ìwàásù Jímọ̀, sí ẹ̀gbẹ́ ògiri gúúsù. Ẹni tó bá ń kírun níbẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ ni pẹpẹ wà.